Orúkọ Tí Hàwáù Kò Lè Pè

Ọ̀pọ̀ ẹni tó wọ inú ìtàn yìí ni ẹ ó gbọ́ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ti ẹni tó ni ìtàn gan-an. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ orúkọ náà bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé kálámù láti kọ ọ́ láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́wọ́ mi dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ síbi tí kò fẹ́. Akọ̀wé Àgbà ni kí a máa pè é. Ohun tí ìyàwó ilé wọn ń pè é nìyẹn, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìlọrà ni Akọ̀wé. Ó ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ohùn rẹ̀ sì le débi pé bó bá ń bi àwọn ọmọ kíláàsì ní ìbéèrè, àwọn tó ń ta ẹ̀kọ lójú títì ló máa ń dáhùn. Láti Fìdítì títí dé Ìmíní, kò sí agboolé tí kò ti kọ́ ọmọ kan níwèé, kó tún na èkejì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa rò pé yóò jókòó máa sin adìẹ, ó ní sẹ́nétọ̀ lòun fẹ́ ṣe.

Rachel ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Miracle, kí lẹ fẹ́ fi sẹ́nétọ̀ ṣe?"

"Rachel, mi ò ní ilé l'Ábújá, mi ò ní mọ́tò méjì. Orúkọ nìkan ni mo ní. Mo fẹ́ kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan níbi tí gbogbo ayé á ti gbọ́, kí n tó kú."

Ohun tó fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

*

Ní Fìdítì, ẹnì kan wà tóun náà fẹ́ àga yẹn. Alhaji Yúnúsà ni, ọlọ́sàn. Bí ẹ bá ti rí lọ́rì tó kún fún ọsàn lójú ọ̀nà Ìbàdàn, tó tẹ̀ sápá kan bí ẹni tí ìbàdí ń dùn, ti Yúnúsà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti du ipò náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣubú. Èkíní, ó sunkún. Èkejì, àwọn ọmọ àdúgbò fi orin sìn ín dé ẹnu ilẹ̀kùn, orin tí kò ṣeé kọ síwèé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún ká dìbò, Yúnúsà gun ọ̀kadà lọ sí Akínmọ́rìn. Ó wọ jígí dúdú, ó fa fìlà bo iwájú orí, kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Gbogbo ẹni tó pàdé lójú ọ̀nà ló kí i.

"Alhaji, ẹ kú oòrùn o!"

"Alhaji Yúnúsà, ẹ kú ìpolongo!"

Ẹni tó wá rí, Bàbá Akínmọ́rìn ni wọ́n ń pè é. Yúnúsà bá a lẹ́yìn ilé, ó ń bó gbáàgúdá. Yúnúsà fojú wá awọ ẹranko, ó fojú wá agbárí, kò rí kankan. Àpò ajílẹ̀ ló rí, àti kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó kù díẹ̀ kó padà. Ìgbà náà ni Bàbá sọ̀rọ̀, gbogbo adìẹ tó ń jẹ èèpo gbáàgúdá sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé orí sókè, wọn ò sì mí.

"Ọ̀rọ̀ Tíṣà Ìlọrà lo bá wá," ni Bàbá wí.

Yúnúsà ò tíì sọ nǹkan kan.

"Mi ò fẹ́ kó kú o, Bàbá. Ó kọ́ èmi náà níwèé. Kó ṣáà dé orí pèpéle, kó má rí ọ̀rọ̀ sọ ni."

"Ẹnu lo fẹ́ tì."

"Ẹnu ni. Ẹnu nìkan o."

Bàbá ki ọwọ́ sábẹ́ àpótí tó jókòó lé, ó yọ àgádágodo kékeré kan, wọ́n fi òwú dúdú wé e lára, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó gbé e lé Yúnúsà lọ́wọ́. Ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

"Obìnrin inú ilé rẹ̀ ni kó gbé e lọ. Lọ́sàn-án gangan. Kó pe tíṣà ní orúkọ tí bàbá tíṣà sọ ọ́. Tó bá ti lè jẹ́ 'hẹn', kó tì í. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ mi."

"Tí kò bá jẹ́ ńkọ́?"

"Kó tún un pè."

"Tó bá wá ṣe àṣìṣe nídìí pípè náà ńkọ́?"

Bàbá gbé ojú sókè fúngbà àkọ́kọ́. "Ta ló ń ṣàṣìṣe orúkọ?"

Adìẹ kankan ò mira.

*

Obìnrin inú ilé Akọ̀wé tí Yúnúsà ní lọ́kàn, àbúrò Yúnúsà fúnra rẹ̀ ni, Hàwáù. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí Hàwáù ti ti Fìdítì wọlé ọkọ ní Ìlọrà. Joel, àbúrò Akọ̀wé, ló fẹ́ ẹ. Joel ti kú, Hàwáù sì dúró sílé ọkọ, ó ń ta èlùbọ́ níwájú ìta. Akọ̀wé ló tún òrùlé rẹ̀ ṣe nígbà tí atẹ́gùn ṣí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò ní pa wọ́n?" ni Hàwáù bi Yúnúsà.

"Èwo ni pípa ńbẹ̀? Ó kàn máa gbàgbé ọ̀rọ̀ ni. Ṣé tíṣà kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ ni?"

"Tíṣà yìí kì í gbàgbé nǹkan kan. Wọ́n ṣì ń bi mí nípa abọ́ tí mo fọ́ lọ́dún tí mo dé."

"Hàwáù. Ta ló pọ̀n ọ́ nígbà tí Màámi kú?"

Hàwáù fi ìborùn nu ojú. "Ẹ̀yin ni."

"Ta ló ń pọ̀n ọ́ kiri ọjà tí wọ́n ń pè mí ní ìyá ọmọ?"

Hàwáù na ọwọ́, ó gba àgádágodo náà, ó so ó mọ́ etí ìró.

Nínú bọ́ọ̀sì láti Fìdítì dé Ìlọrà, Hàwáù ń fi orúkọ náà kọ́ra. Ó ń pè é nínú, ó ń pè é nínú, ètè rẹ̀ ń mì, èrò tó jókòó tì í ní, "Ìyá, àdúrà yín á gbà." Ẹ̀yin náà mọ ìdí tó fi ń kọ́ra. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Hàwáù wọlé níyàwó, ọkùnrin kan jókòó lọ́ọ̀dẹ̀ tó fi bírò méjì sápò àyà, Hàwáù kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Akọ̀wé Àgbà. Láti ọjọ́ náà, ahọ́n rẹ̀ ò pe orúkọ mìíràn mọ́ ọn rí.

Lọ́sàn-án gangan, Akọ̀wé dúró nídìí máńgòrò, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ìlú sọ. Oòrùn wà ní àtàrí, òjìji rẹ̀ ti kó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Hàwáù dúró lẹ́yìn rẹ̀, àgádágodo wà ní àtẹ́lẹwọ́. Ó la ẹnu. Orúkọ náà ti dé orí ahọ́n, ó lóun ń tọ́ ọ wò bí iyọ̀.

Akọ̀wé bá yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín sí i.

Orúnkún Hàwáù tẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Akọ̀wé Àgbà," ló jáde.

"Hẹn, ìyàwó mi! Kí la fẹ́ jẹ?"

*Kọ́.* Àgádágodo tì. Hàwáù bojú wo ọwọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ kankan ò kàn án. Àgádágodo náà ló ti ara rẹ̀, òwú dúdú ara rẹ̀ sì fún mọ́ ọn bí ẹni tó gbá nǹkan mọ́ra.

Lọ́jọ́ náà, Hàwáù ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Mo ti pè wọ́n. Wọ́n sì jẹ́." Irọ́ wo ló pa ńbẹ̀?

*

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ewúrẹ́ Ìlọrà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ pósítà.

Ìyẹn nìkan kì í ṣe tuntun. Kí lewúrẹ́ Ìlọrà kì í jẹ? Ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ Akọ̀wé wà nìkan ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ń fi ojú sílẹ̀, wọ́n ń fi àmì ẹgbẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti ọjà títí dé ibùdókọ̀, ojú Akọ̀wé ń wo èèyàn lára ògiri, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ihò. Rachel rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn ewúrẹ́ náà ti dìbò nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pe ìpàdé sórí pápá ilé-ìwé. Èrò kún bámúbámú. Ahmad, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú jù lọ ní Àfijió, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ló gba máìkì.

"Ìlọrà! Ṣé ẹ ti ṣetán? Ọmọ yín ni! Tíṣà yín ni! Ẹni tó nà yín, tẹ́ ẹ fi gbọ́n! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún…"

Ẹnu rẹ̀ là, kò sóhun tó jáde. Ó gbá máìkì wò.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún…"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. "Ahmad, ṣé o ti jẹun?"

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, òógùn bọ́ sí i lójú, ó sì yí sí àwọn tó wà lórí pèpéle bí ọmọ tó ṣìnà lọ́jà. Ìyá olórí àwọn obìnrin gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ tìbínútìbínú. "Kí ló le ńbẹ̀? Orúkọ ẹni tí à ń sọ ni…" Ìyá náà dúró. Ó tún gèlè ṣe. Ó dá máìkì padà.

Ahmad wá fi ìbẹ̀rù pariwo pé, "Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ bá mi pè é! Ó di ọ̀kan, ó di èjì, ó di ẹ̀ta!"

Mo wà níbẹ̀. Gbogbo wa la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹnu. Kò sí ìró. Ẹnu ṣí kalẹ̀ lórí pápá bí ihò òkété, ahọ́n ń mì nínú wọn, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́ débi pé mo gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń lu ara wọn lọ́rùn ìyá tó dúró níwájú mi. Ọmọ ọwọ́ kan sunkún. Òun nìkan ló ní ohùn.

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ wá dìde, ó gba máìkì. Ohùn rẹ̀ ṣì le bí ti àtijọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ṣé ẹ ò mọ̀ mí mọ́ ni? Èmi ni…"

Ó fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun.

"Èmi ni…"

Rachel nìkan ni kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá Miracle ló ti ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti bí Miracle. Kò pe orúkọ náà rí, kò lè mọ̀ pé ó ti lọ. Àwa yòókù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé pé gbogbo Àfijió, tọkùnrin tobìnrin, ti di ìyàwó ilé wọn.

*

Yúnúsà jó nígbà tó gbọ́. Orí àpótí ọsàn ló ti jó, àpótí náà fọ́, kò sì fura. Lẹ́yìn náà ló rò ó wò. Ẹnu ló ní kí wọ́n tì. Ẹnu Akọ̀wé ò tì. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ ni kò sí. Ẹ̀rù ba Yúnúsà. Ó gbé Hàwáù sórí ọ̀kadà, ó di Akínmọ́rìn.

Bàbá Akínmọ́rìn ń bó gbáàgúdá. Kò kí wọn.

"Orúkọ wo lo pè?" ló bi Hàwáù.

Hàwáù wolẹ̀. "Ìyàwó ilé ni mí, Bàbá."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Àgbàlagbà náà dìde, ó sì fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ obìnrin náà bí ẹni rí ejò. Yúnúsà tí kò tíì bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀ ló wá bẹ̀rù: olóògùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Orúkọ ọ̀ọ̀dẹ̀ lo fi tì í mọ́lé," ni Bàbá wí. "Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà níta. Ó ń rìn. Kò nílé mọ́."

"Ẹ ṣí i nígbà náà! Ṣebí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́dọ̀ yín!"

"Ẹni tó tì í ni yóò pe èyí tó tọ́, kí n tó lè yí i."

Hàwáù kúnlẹ̀ sórí èèpo gbáàgúdá. Ó ṣetán. Ó ti múra láti hu ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ tí kò hù láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì la ẹnu. Ó pe Ọlọ́hun. Ó pe Joel tó ti wà ní sàréè, ó ní kó ran òun lọ́wọ́, kó dárí ji òun. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí okùn. Kò sóhun tó jáde. Ohun tí ìtìjú dì mọ́ ọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀, gbogbo ayé ló ń dì í báyìí.

"Hàwáù, pè é!" Yúnúsà ń ké. "Mo bẹ̀ ọ́, pè é! Ìwọ kò ṣá yadi!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ẹ pè é!"

Yúnúsà la ẹnu. Ó pa á dé.

Bàbá Akínmọ́rìn ti wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Láti inú ni wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ máa lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tó ń rìn yẹn bá yín nínú oko mi."

*

Wọ́n gbé Akọ̀wé lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí káàdì fi bírò mẹ́rin gbìyànjú, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹni tí kò bá ní káàdì ò lè rí dókítà." Ẹni tí kò lórúkọ, ta ni a ó sọ pé ara rẹ̀ ò yá? Pásítọ̀ gbé e lọ síwájú pẹpẹ, ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní, "Olúwa, rántí ọmọ rẹ…" Ìjọ ń retí. Níkẹyìn ó ní, "Olúwa, o mọ ẹni tí à ń wí." Gbogbo ìjọ ṣe àmín, àmín tí kò lágbára.

Lójoojúmọ́, Akọ̀wé ń dúró níwájú dígí, ó ń la ẹnu. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó jáde sí Rachel, ojú rẹ̀ funfun.

"Rachel, bí orúkọ mi ṣe ń dún ti ń sá mọ́ mi lọ́wọ́."

Rachel ò bá a jiyàn. Ó mú un wọ mọ́tò lọ sí Ìmíní, sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń yan àgbàdo lójú àgbàlá. Akọ̀wé fa fìlà bojú.

"Díákónì ni mí o, Ìyá," ló kọ́kọ́ sọ.

"Ẹ jókòó. Díákónì mẹ́ta ló ti wá lọ́sẹ̀ yìí."

Ìyá Ìmíní gbé imú sí àtàrí Akọ̀wé, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀. Ó pòṣé.

"Ọkọ mi àtijọ́ ló ṣe èyí. Ọlọ́gbáàgúdá Akínmọ́rìn."

"Ẹ lè ṣí i?" ni Rachel béèrè.

"Ohun tí ọkùnrin yẹn bá tì, kò ṣeé ṣí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbìyànjú, kí n tó kó ẹrù mi."

Rachel fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín, Rachel náà gbé e mì.

"Orúkọ yín ń rìn kiri," ni Ìyá wí. "Bó bá rìn pẹ́, yóò kú sójú ọ̀nà. Mi ò lè mú un wá sílé. Mo lè rán an lọ sẹ́nu ẹni tó ní kí wọ́n lé e jáde, kó máa gbé ibẹ̀, kí ẹni náà má lè tu ú dànù."

"Kí nìyẹn máa ṣe fún mi?" Akọ̀wé béèrè.

"Kò ní kú. Ẹnì kan láyé yóò ṣì máa pè é."

Akọ̀wé wo Rachel. Rachel wo ilẹ̀. Ìyá fi nǹkan kan sí ahọ́n ọkùnrin náà. Ó ní kó má béèrè ohun tó jẹ́. Kò béèrè. Bí wọ́n ṣe ń padà lọ, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé nǹkan náà kò ní adùn, kò ní ìkorò, kò ní nǹkan kan. Ó lóun ò tíì jẹ ohun tó ba òun lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

*

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà ká dìbò nígbà tí Yúnúsà pe ìpàdé ńlá ní Fìdítì. Ó ti gbàgbọ́ pé ìbẹ̀rù ti kọjá. Bó bá ṣe pé orúkọ ẹnì kejì ti sọnù, ta ló kù tí wọn ò ní yàn?

"Fìdítì!" ló ké.

"Hóò!"

"Lọ́jọ́ Sátidé, ta lẹ máa dìbò fún? Ẹ má dààmú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi! Ẹ dìbò fún èmi, Alhaji…"

Orúkọ Akọ̀wé ló jáde. Odindi. Ti bàbá, ti ọmọ, ti agboolé.

Gbogbo èrò mí kanlẹ̀ bí ẹni tó mu omi lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀. Wọn ò gbọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹlòmíràn da omi lójú, kò mọ ìdí.

Yúnúsà fọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣí i. "Mo ṣì í sọ! Ẹ gbọ́, èmi ni…" Orúkọ Akọ̀wé tún jáde, ó dún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wá ń fi sùúrù pe orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní á-bí-dí: "Yú…" Ahọ́n rẹ̀ yí padà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wọn rí i, bí ẹja tó yí nínú omi. Orúkọ Akọ̀wé. Màrdíyyàh ìyàwó rẹ̀ fa agbádá rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó fà á títí ó fi já bọ́ sórí àga.

Láti ọjọ́ náà, Yúnúsà fi áńkáṣíìfù di ẹnu. Ó ní eyín ń dun òun. Ṣùgbọ́n Màrdíyyàh sọ fún Hàwáù, pẹ̀lú ojú tó wú, pé nígbàkigbà tó bá tú u láti jẹun, ohun àkọ́kọ́ tó ń jáde nìyẹn. "Ó fi bi mí pé báwo lara. Ó fi kí ọmọ wa. Hàwáù, ọkọ mi ò lè sọ fún mi mọ́ pé òun lọkọ mi."

*

Sátidé pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dìbò rí mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ èèyàn ló wà lórí ìwé ìdìbò. Àmì ẹgbẹ́ ni. Oògùn ò rántí ìyẹn. Àwọn èèyàn tí kò lè pe orúkọ Akọ̀wé wọlé lọ, wọ́n ní ìka, wọ́n tẹ àmì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlọrà tẹ̀ ẹ́, Akínmọ́rìn tẹ̀ ẹ́, Ìmíní tẹ̀ ẹ́. Ní Fìdítì gan-an, ẹni tí Yúnúsà fẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n yàn ni wọ́n yàn. Títí ọ̀sán Sọ́ńdè, Akọ̀wé ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìbò lé Yúnúsà sẹ́yìn. Rachel jó. Ahmad gbé Akọ̀wé kọ́rùn. Fúngbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kó gbogbo wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀yọ́ láti gbọ́ èsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí wọ́n gbé wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tí kò mọ ẹnì kankan nínú wa, ló fẹ́ kà á. Ó ka ìbò. Ó ka àmì ẹgbẹ́. Ó ní, "Nítorí náà, ẹni tó wọlé ni…"

Ó mu omi.

"Ẹni tó wọlé ni…"

Ó nu jígí ojú rẹ̀. Ó pe ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún, ìyẹn gbìyànjú, kò rí i ṣe. Ó pe ti apá òsì. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wò: fọ́tò tó wà lára rẹ̀ ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà gbé máìkì.

"Ẹ forí jì mí, ọ̀fun ló ń ṣe mí. Kí ẹni tó wọlé dìde, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀, kí n kọ ọ́."

Akọ̀wé dìde. Ó la ẹnu. Ó dúró bẹ́ẹ̀, arúgbó ọkùnrin, pẹ̀lú ẹnu tó là bí ti ọmọ ẹyẹ, ọrùn rẹ̀ ń mì, kò sóhun tó ń jáde.

"Bàbá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká rí ẹni tó wọlé," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Hàwáù já wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Ó kọjá láàárín àwọn ọlọ́pàá, ó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ Yúnúsà. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ bá wọn pè é! Ẹnu yín nìkan ló kù láyé!"

Yúnúsà wo tíṣà rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ẹkún ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rin áńkáṣíìfù. Ohun tí a ò rò pé ó lè ṣe ló ṣe: ó tú áńkáṣíìfù náà, ó dìde, ó nawọ́ sí Akọ̀wé láti fi í hàn, ó sì pe orúkọ náà. Ketekete. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.

Rachel ké, "Mo dúpẹ́ o, Jésù!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín sí Yúnúsà. "Áà! Ẹ̀yin nìyẹn, sà?"

Yúnúsà mi orí bí ẹni tí oyin ń lé. "Rárá! Rárá o! Èmi kọ́! Èmi ni…"

Orúkọ Akọ̀wé ló tẹ̀lé e.

"Mo gbọ́, sà. Ẹ kú oríire." Ó kọ ọ́. Kálámù rẹ̀ sáré lórí ìwé, kò dúró níbì kan.

"Òun kọ́!" Ahmad gbé ohùn sókè. Gbogbo wa gbè é: "Òun kọ́! Òun kọ́!"

"Ta wá ni?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè. Ó gbé kálámù sókè, ó ń dúró dè wá. Èèyàn dáadáa ni. Ó dúró dè wá gan-an ni.

A nawọ́ sí Akọ̀wé, ó ní orúkọ lòun ń béèrè. Ẹnu wa là.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n pe orúkọ náà nínú ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mẹta, rédíò gbé e. Kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti pè mọ́, bó bá ti jẹ́ pé Yúnúsà ni wọ́n ń wò. Àwọn ọlọ́pàá yí ọkùnrin náà ká, wọ́n ń mú un jáde, ó ń bú sẹ́kún, ó ń di ọwọ́ ara rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń yọ ọ́, ó ń ní, "Ẹ gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni…" Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́.

Akọ̀wé ṣì dúró sójú ọ̀nà àárín gbọ̀ngàn náà, Rachel di apá rẹ̀ mú. Ọlọ́pàá kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ tẹrí ba díẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, kí Sẹ́nétọ̀ ráyè kọjá."

Ó sún.